Ohun Tí Ọwọ́ Kàn Kẹ́yìn

Ọmọ mi, bí ọkọ̀ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ gáráàjì rẹ, tó ń sáré geere, tí o ṣe sẹ́fíìsì fún un, tí o pàrọ̀ ọ́ìlì, tí o fi pulọ́ọ̀gì àti platíní tuntun sí i, tí o sì fọ kábúrétọ̀ rẹ̀, tó wá di ọjọ́ kejì tí oní-ọkọ̀ ń pè ọ́ láti Carrefour Rio, níbí ní Libreville, pé ọkọ̀ òun ti kú sáàárín títì, má tíì gbé sípánà. Má sì tíì sáré lọ sí ọjà Mont-Bouët lọ ra pọ́ǹpù tuntun. Jókòó ná. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lórí ọkọ̀ tó ń kú lẹ́yìn sẹ́fíìsì, ẹ̀yìn ni kí o wò.

Ọkọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe kí o tó fọwọ́ kàn án, tí nǹkan wá ń ṣe é lẹ́yìn tí o fọwọ́ kàn án, ohun tí ọwọ́ rẹ kàn kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. N kò sọ èyí láti dá ọ lẹ́bi. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ló so pọ̀ di ọkọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí à ń tú, tí a sì ń dè padà nígbà sẹ́fíìsì kò fi bẹ́ẹ̀ ju mẹ́wàá, méjìlá lọ. Ta ni yóò fi méjìlá tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Síbẹ̀, ohun tí mo ń rí nìyẹn. Ọkọ̀ kú, wọ́n ra kọ́ìlì. Ó tún kú, wọ́n ra pọ́ǹpù. Owó sẹ́fà oní-ọkọ̀ ń tán lọ, àrùn sì jókòó síbi tó wà.

Ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún eré ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà tí yóò sọ fún ọ pé ibi báyìí ló ń dun òun. Èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kò ní irú rẹ̀. Etí rẹ, imú rẹ, ọwọ́ rẹ àti ẹnu tí o fi ń bi oní-ọkọ̀ léèrè ni gbogbo ẹ̀rọ ìwádìí tí o ní. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ báyìí, ẹ̀rọ tí à ń kì bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí etí yín kú.

Jẹ́ kí n fi Peugeot 504 Coupé ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà díẹ̀ tí kò mọ 504. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna. Òun ló gbé àwọn bàbá wa re ibi iṣẹ́, òun ló gbé wọn re òde ìyàwó. Coupé ni ẹ̀yà rẹ̀ onílẹ̀kùn méjì. Pininfarina ló ya àwòrán rẹ̀, tó sì ń kan ara rẹ̀ ní Turin, ní Ítálì. Ọdún 1969 ló jáde, ọdún 1983 ni wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ní 1974, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà sí i, 2,664 cc, agbára ẹṣin 136, èyí tí Peugeot, Renault àti Volvo para pọ̀ ṣe ní Douvrin, ní àríwá ilẹ̀ Faransé. 504 Coupé onísílíńdà mẹ́fà ni Jean-Pierre Nicolas gùn nígbà tó gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kenya ní ọdún 1978, òun náà ló sì tún fi gba ti Côte d'Ivoire lọ́dún yẹn kan náà. Ọkọ̀ tó la ẹrẹ̀ àti eruku Áfíríkà já bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tí yóò kàn ṣàdédé máa kú níwájú iná ojú títì. Bó bá ń kú, ó ní ohun tó ń pa á.

Ohun tí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń ṣì mọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà yẹn ni ìró rẹ̀. Sílíńdà mẹ́jọ ni àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ gbèrò. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́fà, igun digíríì 90 láàárín apá rẹ̀ méjèèjì, èyí tó bá mẹ́jọ mu, ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná kì í fi ṣẹ́ nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà: ìyíká digíríì 90, lẹ́yìn náà 150, lẹ́yìn náà 90. Bó bá wà lórí rálántì, ìyẹn nígbà tó dúró sójú kan tí ẹsẹ̀ kò sí lórí àsẹ́lẹ́rétọ̀, á máa gbọ̀n díẹ̀, ìró rẹ̀ á máa tiro. Ìwà rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ dá. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ á gbọ́ ọ, á mi orí, á ní rálántì yìí kò dára, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí sùkúrúù. Kábúrétọ̀ Solex méjì ló sì wà lórí èyí tó lo kábúrétọ̀, ọ̀kan ẹlẹ́nu kan, èkejì ẹlẹ́nu méjì. Á yí ti ibí, á yí ti ọ̀hún, títí ọkọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe yóò fi di èyí tí nǹkan ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kú lẹ́yìn sẹ́fíìsì, ibi tí ikú rẹ̀ ti wá nìyẹn: ẹni tó ṣe sẹ́fíìsì fẹ́ wo ohun tí kì í ṣe àìsàn sàn. Kí o tó fọwọ́ kan sùkúrúù kan lára kábúrétọ̀, rọra yí i wọlé títí yóò fi kanlẹ̀, máa ka iye ìgbà tó yí, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì dá a padà síbẹ̀. Bí o bá sọnù lójú ọ̀nà, o ní ibi tí o lè padà sí.

Adáhunṣe gidi kì í gbé àgbo fún aláìsàn láìbi í pé kí ló jẹ kẹ́yìn. Ìwọ náà, bi oní-ọkọ̀ léèrè kí o tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Báwo ló ṣe kú? Bó bá dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí èèyàn pa kọ́kọ́rọ́, iná mànàmáná ló já níbì kan: wáyà tó wọ kọ́ìlì, wáyà tó wọ platíní, tàbí kọ́ńdẹ́ńsà. Bó bá ń wúkọ́, tí agbára ń tán lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú, epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá ń sáré dáadáa títí dé Owendo, tó jẹ́ pé bí oní-ọkọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò ló ń kú, afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, tàbí ihò tóóró tí rálántì ń gbà mu epo ti dí, tàbí kó jẹ́ pé tímìn-ìn, ìyẹn àkókò tí iná ń ṣẹ́, ti sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ bí ó ṣe kú ti mọ ìdajì ohun tó pa á.

Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n wọ́ wá sọ́dọ̀ mi láti gáráàjì mìíràn nílùú yìí. Wọ́n ti pàrọ̀ kọ́ìlì rẹ̀, wọ́n ti pàrọ̀ pọ́ǹpù, wọ́n ti tú kábúrétọ̀ méjèèjì palẹ̀, wọ́n tún tò wọ́n. Ó ṣì ń kú ní gbogbo oríta. Àwa àgbà dúró yí i ká, oníkálukú ń sọ tẹnu rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ mi ló yíjú sí oní-ọkọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, nígbà tó bá máa ń kú, ẹsẹ̀ yín máa ń wà lórí kí ni?” Ọkùnrin náà ronú. Ó ní: “Bíréèkì.” Kò sẹ́ni tó tíì bi í rí. Ọmọ náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka tọ họ́ọ̀sì ńlá tó ti ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ibi tí kílíìpù ti dì í, rọ́bà náà yanu. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í hàn àfi bí o bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé ilé fílítà afẹ́fẹ́ kúrò fún sẹ́fíìsì ni wọ́n ti fà á, rọ́bà tó ti gbó sì là. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé ní gbogbo ìgbà, ẹ́ńjìnnì ń fara dà á. Bí wọ́n bá wá tẹ bíréèkì ní oríta, tí èyí tí bíréèkì fà kún un, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á kú. Wọ́n gé ẹnu rọ́bà náà díẹ̀, wọ́n tì í padà, wọ́n dè é. Ọkọ̀ náà kò kú mọ́. Inú mi dùn sí ọmọ yẹn ju bí inú mi ṣe dùn sí ọkọ̀ náà lọ.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ lórí rálántì ló ń kú, wá afẹ́fẹ́ kiri kí o tó wá ohunkóhun mìíràn. Wo họ́ọ̀sì kékeré tó ń mu èéfín láti orí ẹ́ńjìnnì lọ sí ilé fílítà. Òun ni a máa ń gbàgbé láti so padà jù. Wo gáàsìkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kábúrétọ̀, bóyá a dè é ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Fún àwọn họ́ọ̀sì ní ìkọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí o bá fún ọ̀kan tí ìró yí padà, o ti dé ìdí rẹ̀. Tàbí kí o mú rọ́bà gígùn kan, fi ẹnu kan sí etí, máa fi ẹnu kejì tọ gbogbo orí ẹ́ńjìnnì. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé á súfèé sí ọ létí. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń fín epo bẹntiróòlù sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná láti fi wá ihò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Omi tó kúná díẹ̀ láti inú ike ìfínmi tó láti ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ní jó yín lójú.

Bó bá jẹ́ pé iná ló ń já, délíkò, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì, ni kí o ṣí. Nínú rẹ̀ ni platíní wà, tí àwọn ará ilé ní Èkó ń pè ní kọ́ńtáàtì. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé bí o bá ti yí àlàfo platíní padà, o ti yí tímìn-ìn padà pẹ̀lú, bí o tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ kò kan délíkò fúnra rẹ̀. Àlàfo tó kéré jù máa ń sún tímìn-ìn sẹ́yìn. Torí náà, àlàfo ni kí o kọ́kọ́ ṣe, bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ, kí o tó wo tímìn-ìn. Má ṣe fi èyí tó kẹ́yìn ṣáájú. Wo ike kékeré tó ń gun òkè ọ̀pá tó ń yí nínú délíkò: ṣé a fi gíríìsì sí i? Bí a bá gbàgbé gíríìsì, ọkọ̀ á jáde dáadáa, inú oní-ọkọ̀ á dùn, ike náà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo á máa pa dé, títí tí ọkọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹni tó ṣe sẹ́fíìsì ti gbàgbé pé òun kan án.

Kọ́ńdẹ́ńsà wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà báyìí kò lágbára. Á ṣiṣẹ́ nígbà tó tutù. Bí ooru ẹ́ńjìnnì bá mú un, á kú, bó bá tún tutù, á jí. Bí ẹnu platíní bá dúdú tàbí tó jóná láìpẹ́ sí ìgbà tí o fi í sí i, fura sí kọ́ńdẹ́ńsà. Má sì ju ti àtijọ́ nù lọ́jọ́ tí o fi tuntun sí i. Ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ ti jẹ́rìí ara rẹ̀. Tuntun kò tíì jẹ́rìí kankan. Dá ti àtijọ́ padà, kí o sì wò bóyá ọkọ̀ á ṣì kú.

Wáyà pulọ́ọ̀gì náà wà níbẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà yìí, 1-6-3-5-2-4 ni iná ń tọ̀. Kí o tó yọ wáyà kan, ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ. Kí o tó tú délíkò, fi nǹkan mímú fa ìlà kan láti ara rẹ̀ dé ara ẹ́ńjìnnì. Àwa kò ní fóònù nígbà tiwa, ẹfun àti ìwé ìkọ̀wé ni a fi ń ṣe é, ẹni tí kò sì ṣe é máa ń sunkún.

Ti epo kò nira. Fílítà epo ní ọfà lára tó ń fi ọ̀nà tí epo ń gbà hàn. Ọ̀pọ̀ ló ti dè é sódì. Tú ìdérí táńkì nígbà tí ọkọ̀ bá kú: bí afẹ́fẹ́ bá wọlé pẹ̀lú ìró “shíìì”, ihò èémí táńkì ti dí, pọ́ǹpù kò lè fa epo mọ́. Ọkọ̀ tó ti dúró pẹ́ lábẹ́ ibòrí kó ìdọ̀tí sí ìsàlẹ̀ táńkì. Bí o bá ta epo tuntun lù ú lọ́jọ́ sẹ́fíìsì, ìdọ̀tí náà á gbéra, á lọ dí fílítà tuntun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Wọn á ní fílítà kò dára. Fílítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ooru tún wà níbẹ̀. Àárín apá méjèèjì ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà náà ni àwọn kábúrétọ̀ jókòó sí, ibi tó gbóná. Nínú gosiloo ọ̀sán, epo lè hó nínú wọn títí yóò fi di oru. Bí ọkọ̀ bá kú, tó kọ̀ láti jí, tó sì jí lẹ́yìn tó ti sinmi, fi aṣọ tútù bo pọ́ǹpù àti páìpù epo, kí o wò bóyá á tètè jí.

Ìlú tí a wà yìí náà ń dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Libreville sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì. Òjò ń rọ̀ níbí láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù karùn-ún, ọ̀rinrin kì í sì kúrò nínú afẹ́fẹ́. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin láti Bord de mer dé Owendo. Bí o bá ṣí ìdérí délíkò lọ́jọ́ òjò láti fi platíní sí i, nu inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ kí o tó pa á dé. Wo wáyà nínípọn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Bó bá ti dípẹtà, ọkọ̀ lè máa ṣe dáadáa lọ́sàn-án, kó wá máa kú lálẹ́ nígbà tí iná iwájú, wáípà àti fáànù bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ó ku ohun kan tí ó wà lọ́kàn mi ju gbogbo èyí lọ. Ọdún 1978 tí Nicolas ń gba ife pẹ̀lú 504, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gabon lé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Benin kúrò nílẹ̀ yìí, nígbà tí Ààrẹ Mathieu Kérékou ti Benin àti Ààrẹ Omar Bongo ti Gabon jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni, olùkọ́, oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn Nàgó ìbátan wa sì wà nínú wọn. Èèyàn tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà níbí, ẹ rántí pé àlejò ni wá. Àlejò kò ní ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ní. Bí ọkọ̀ tí o ṣe sẹ́fíìsì fún bá padà wá, má purọ́. Sọ fún oní-ọkọ̀ pé: “Bàbá, ohun báyìí báyìí ni mo tú, mo máa tún wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní gbowó lórí ìyẹn.” Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ṣe é ṣáájú rẹ, má bú onítọ̀hún lójú oníbàárà. Pè é, bi í pé kí ló fọwọ́ kàn. Bí o bá bú u, kò ní sọ òótọ́ fún ọ, òótọ́ yẹn gan-an ni o sì nílò. Má ra nǹkan tuntun lórí ìméfò. Yí ohun kan ṣoṣo padà, wa ọkọ̀ náà, wò ó, kí o tó yí òmíràn. Ẹni tó yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ sàn, kò mọ èyí tó wò ó sàn, kò sì rí nǹkan kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí o bá rò pé o ti rí i, má tíì pe oní-ọkọ̀. Wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gosiloo bá wà lójú ọ̀nà Nzeng-Ayong. Tan iná iwájú, tan fáànù. Tẹ bíréèkì léraléra nígbà tó dúró. Jẹ́ kó wà lórí rálántì títí yóò fi gbóná dáadáa, kí o pa á, kí o dúró díẹ̀, kí o tún sítáàtì rẹ̀ nígbà tí ooru ṣì wà lára rẹ̀. Bó bá kọjá gbogbo ìyẹn láìkú, gbé e lọ sí ilé rẹ̀ fúnra rẹ, kí o sì kó àwọn ohun àtijọ́ tí o tú kúrò lára rẹ̀ fún oní-ọkọ̀ nínú ọ̀rá, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí wọn.